Ṣé O Mọ̀ Pé Ijapo Ní Àwọ̀ Tirẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà?

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá fún browser ní orúkọ Ijapo pé kó fi ṣe àwọ̀, àwọ̀ ewé ni yóò gbé jáde? Ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, lè dán an wò lónìí, kò sì ní jẹ dátà kankan. Ṣí text editor èyíkéyìí, ìyẹn àpù tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán láìsí ẹ̀ṣọ́. Notepad tó wà nínú Windows tó bẹ́ẹ̀. Tẹ ìlà kan ṣoṣo yìí:

<body bgcolor="ijapo">

Fi orúkọ tó parí sí .html tọ́jú rẹ̀, kí o sì fi browser ṣí i. Gbogbo ojú ìwé náà yóò di àwọ̀ ewé. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ Ijapo sínú browser yẹn. Òfin ìgbà àárọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kan ló fà á: bí ẹni tó kọ ojú ìwé bá pe àwọ̀ tí browser kò mọ̀, kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, àfi kó wá nǹkan fi ṣe. Nọ́ńbà 0 dé 9 àti lẹ́tà a dé f nìkan ló kà sí òǹkà. Gbogbo lẹ́tà yòókù yóò di òdo. Báyìí ni ijapo ṣe di 00a00. Yóò fi òdo kan kún un kó lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta: 00, a0, 00. Ti àkọ́kọ́ ni iye iná pupa, ti èkejì ni iye iná ewé, ti ẹ̀kẹta ni iye iná búlúù. Ewé nìkan ló rí nǹkan gbà.

Ondo náà, ewé ni: 00d000. Tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti Ijapo lọ, torí pé d ju a lọ nínú òǹkà yìí. Idanre fara pẹ́ wọn, 0da00e. Ibadan di 0bada0, tó wà láàárín ewé àti búlúù, irú èyí tí àwọn tó ń kó aṣọ ẹbí ń pè ní teal. Ekiti, tó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1996, di e00000, pupa fòò. Owo kò ní lẹ́tà kankan tó bọ́ sáàárín a àti f, nítorí náà dúdú ni. Akure fúnra rẹ̀ ńkọ́? a000e0, àlùkò tó ń tàn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ohun tí àmì ohùn ń ṣe. Kọ Àkúrẹ́ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, kí o sì sọ fún ojú ìwé náà pé UTF-8 ni, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà gbogbo èdè. Bí kíbọọ̀dù rẹ bá tẹ À, ú àti ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí àmì ti wà lára rẹ̀ láti ilé, dúdú ni yóò yọ, torí pé browser kò rí a tàbí e kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kíbọọ̀dù ẹlòmíì bá tẹ A lọ́tọ̀, tó wá tẹ àmì lé e lórí lọ́tọ̀, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, àlùkò yẹn náà ni yóò tún yọ. Lójú èmi àti ìwọ, Àkúrẹ́ kan náà ni wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà àti àmì mẹ́fà, èkejì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú fáìlì, tí kò rí i, tó sì mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn nígbà púpọ̀. Àwọ̀ méjì yìí kàn jẹ́ kí ojú rí ohun tó máa ń fara pamọ́ ni.

Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oríire bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ àmì #, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà mẹ́fà tẹ̀lé e, méjì méjì fún pupa, ewé àti búlúù. Méjì kọ̀ọ̀kan ń lọ láti 00 dé FF, ìyẹn láti òdo dé 255, ipele 256. 256 lọ́nà 256 lọ́nà 256 jẹ́ 16,777,216. Ìyẹn ni iye àwọ̀ tí ìlà kékeré bẹ́ẹ̀ lè pè, kò sì sí èdè tó lè fún gbogbo wọn lórúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé 256 yẹn náà ni iye odù Ifá? Kì í ṣe pé iye wọn kàn ṣe déédéé. Wo bí babaláwo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ rẹ̀; ó gbá wọn, ó wo iye tó ṣẹ́ kù. Bí ó bá ku ọ̀kan, ó tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku méjì, ó tẹ ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ní ojú mẹ́jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní jíjù ẹ̀ẹ̀kan. Ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì: 256. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń pè ní byte nìyẹn gẹ́lẹ́, ilé mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. IBM ló jẹ́ kí byte onílé mẹ́jọ àti kíkọ A dé F fún 10 dé 15 gbilẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà System/360 tí wọ́n kéde ní 1964. Ifá ti wà láti ọ̀pọ̀ ìran ṣáájú. UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àdáyébá ńlá aráyé.

Jẹ́ ká wá kà wọ́n pọ̀. Ká ní ìlà kan ni 1, ìlà méjì ni 0, ká sì kà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ogbè, tó jẹ́ ìlà kan kan ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ 1111, tó jẹ́ 15 ní òǹkà kọ̀ǹpútà, ìyẹn F. Ọ̀yẹ̀kú, tó jẹ́ ìlà méjì méjì, jẹ́ 0000, ìyẹn 0. Nígbà náà Ogbè Méjì ni FF, Ọ̀yẹ̀kú Méjì sì ni 00. Kọ Ogbè Méjì lẹ́ẹ̀mẹta, #FFFFFF, funfun nini ló máa yọ. Kọ Ọ̀yẹ̀kú Méjì lẹ́ẹ̀mẹta, #000000, dúdú kirikiri ni. Àwọn babaláwo sì ti ń so Ogbè mọ́ ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń so Ọ̀yẹ̀kú mọ́ òkùnkùn, kí ẹnikẹ́ni tó fi iná kọ ọ̀rọ̀ sójú dígí. N kò sọ pé Ifá jẹ́ kọ̀ǹpútà, torí pé ẹsẹ Ifá tó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan kọjá ohun tí nọ́ńbà lè gbé. Ètò ìṣirò wọn ni mo ń sọ, ó sì tọ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ kóòdù mọ̀ pé ètò náà kì í ṣe àlejò nílé baba rẹ̀.

Fi èyí sọ́kàn, kí o wá gbọ́ ìtàn #663399. Àwọ̀ àlùkò kan ni, orúkọ rẹ̀ sì ni rebeccapurple. Eric Meyer, ará Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń ṣe ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ bí ẹni mowó nítorí ìwé tó ń kọ nípa CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣètò àwọ̀ àti ìrísí ojú ìwé, ní ọmọbìnrin kan, Rebecca. Jẹjẹrẹ inú ọpọlọ pa ọmọ náà ní 7 Okudù 2014, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà gan-an. Àlùkò ni àwọ̀ tó fẹ́ràn jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ baba rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọ̀, baba gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan: kí wọ́n má ṣe kọ Becca tí wọ́n fi ń pè é nílé. Ọmọ náà ti sọ pé orúkọ ọmọ ọwọ́ nìyẹn, pé bí òun bá ti pé ọdún mẹ́fà, Rebecca ni kí gbogbo ènìyàn máa pe òun. Ó pé ọdún mẹ́fà, ó sì lo wákàtí bíi méjìlá níbẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá tẹ rebeccapurple sínú kóòdù níbikíbi láyé, orúkọ tí ọmọ náà fẹ́ ló pè.

Ka nọ́ńbà náà bí a ṣe ka ti ìṣáájú. 6 jẹ́ 0110: Ìwòrì. 3 jẹ́ 0011: Ọ̀wọ́nrín. 9 jẹ́ 1001: Òdí. #663399 jẹ́ Ìwòrì Méjì, Ọ̀wọ́nrín Méjì àti Òdí Méjì. CSS sì gbà kí a gé e kúrú sí #639, torí pé méjì méjì rẹ̀ jọra. Gbogbo àwọ̀ tí a bá lè gé kúrú bẹ́ẹ̀, 4,096 ni wọ́n, ojú odù mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ta ló wá ń sọ àwọn àwọ̀ yòókù lórúkọ? Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni, lórílẹ̀-èdè kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orúkọ tí browser mọ̀ lónìí wá láti inú fáìlì kan tó ń jẹ́ rgb.txt, tó wà nínú ètò X11 fún kọ̀ǹpútà Unix. Ní 1989, Paul Raveling tún àkójọ náà ṣe, ó mú orúkọ láti inú àpẹẹrẹ ọ̀dà ilé iṣẹ́ Sinclair Paints; John C. Thomas mú tirẹ̀ láti inú páálí kiréyọ̀nù Crayola. Ìdí nìyí tí papayawhip fi wà níbẹ̀, #FFEFD5, funfun tó ní ìpọ́n díẹ̀, tí kò jọ ìbẹ́pẹ kankan tí a mọ̀.

Lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí o ní o fẹ́ léèsì ash. Alásọ á nawọ́ sí èyí tó ní àwọ̀ eérú. Sọ pé carton lo fẹ́, á fa èyí tó jọ páálí yọ. Wine, onion, milk, lemon, kò sí èyí tí kò mọ̀, ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ, kò sì sí àríyànjiyàn láàárín yín. Kò sí ẹyọ kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí nínú orúkọ àwọ̀ CSS. Bí o bá kọ ash sínú CSS, browser á fò ó kọjá ni, kò ní wá nǹkan fi ṣe bíi ti bgcolor àtijọ́. Èdè ọjà wa gún régé fún iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í ṣe pé ó kù síbì kan. Àwọn tó ṣe àkójọ yẹn kàn kò wá sí Ọjà Ọba ni.

Orúkọ chocolate wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé àwa la wà níwájú nínú iṣẹ́ kòkó ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ sì wà ní Ilé-Olújì. #D2691E ni. Pupa 210, ewé 105, búlúù 30. Tẹ̀ ẹ́, kí o wò ó dáadáa: àwọ̀ olómi ọsàn tó wọ ilẹ̀ díẹ̀ ni. Èyí tí a ń dì sínú bébà tí a ń jẹ ṣú dúdú jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí àwọ̀ náà jọ lójú mi ni èso kòkó tó ti pọ́n lórí igi, tó kù kí wọ́n fi àdá já a.

Orúkọ kan náà sì lè tan èèyàn láti inú ẹ̀rọ kan dé èkejì. Green nínú Emacs, text editor tí Richard Stallman dá sílẹ̀, jẹ́ #00FF00, torí pé X11 ló tẹ̀ lé. Green nínú browser jẹ́ #008000. Gray, maroon àti purple náà ní ìjà yìí. Torí rẹ̀ ni darkgray nínú CSS, tó yẹ kó ṣú ju gray lọ, fi mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Méjèèjì wá láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kó wọn sínú yàrá kan náà. Àwọ̀ ewé àsíá wa kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kankan nínú green méjèèjì. Michael Taiwo Akinkunmi tó ya àsíá Nàìjíríà ní 1959, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, fi ewé àti funfun sí i, ó sì fi oòrùn pupa sáàárín tí àwọn adájọ́ yọ kúrò. Nọ́ńbà tí àwọn tó ń ya á lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń lò ni #008751. Búlúù 81 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ green lásán ti yọ gbogbo búlúù yẹn dànù.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí iná yẹ́lò kankan nínú fóònù rẹ? Ṣí ojú ìwé funfun, kí o fi ìka kán omi kín-ún kan sórí dígí rẹ̀, kí o sì wo inú omi náà. Wàá rí àwọn ẹyọ iná kóńkó, pupa, ewé, búlúù, tí wọ́n tò tira. Yẹ́lò #FFFF00 ni ìgbà tí pupa àti ewé bá tàn dé góńgó, tí búlúù bá kú. Ojú rẹ ló ń pa wọ́n pọ̀. James Clerk Maxwell ti fi ọgbọ́n yìí hàn ní 1861, nígbà tó fi iná mẹ́ta yìí gbé àwòrán ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ kan sára ògiri. Bí fóònù rẹ bá sì jẹ́ onídígí OLED, #000000 túmọ̀ sí pé àwọn iná náà pa pátápátá. Ìyẹn ni àwọn tí iná mànàmáná kì í dúró fún ṣe ń fi ojú ìwé dúdú tọ́jú bátìrì wọn.

#808080, ìyẹn gray inú browser, wà ní ìdajì nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún ti funfun. Ìlànà sRGB, tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, ló tò ó bẹ́ẹ̀, èyí sì bá ojú ènìyàn mu, torí pé ó tètè ń mọ ìyàtọ̀ nínú òkùnkùn ju nínú ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni nọ́ńbà wọ̀nyí ti máa ń bọ́. Oníbàárà á gbé àwòrán ìwé ìpè ìgbéyàwó wá láti orí fóònù, ewé rẹ̀ ń tàn yanran, #00FF00, àmọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ti rẹ̀. Atẹ̀wé kò ṣe àṣìṣe. Orí CorelDRAW tó fi ń ṣiṣẹ́, iye yíǹkì ló ń kọ, láti 0 dé 100, fún búlúù, píǹkì, yẹ́lò àti dúdú. Yíǹkì ń gba ìmọ́lẹ̀ kúrò lára bébà ni, kì í tan iná, nítorí náà ewé iná yẹn kọjá agbára rẹ̀. Góòlù pàápàá kò sí nínú nọ́ńbà: #FFD700 jẹ́ yẹ́lò, dídán rẹ̀ kò wọ inú àmì mẹ́fà.

Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay gbé ìwé jáde pé èdè tó bá ní orúkọ ìpìlẹ̀ fún àwọ̀ mẹ́ta péré, dúdú, funfun àti pupa ni wọn yóò jẹ́. Yorùbá ni àpẹẹrẹ tó bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìmọ̀ wa kò mọ síbẹ̀: a ní pupa fòò, a ní pupa rúsúrúsú, dúdú mìnìjọ̀, funfun báláú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó dùn mí pé kò sí èyí tó ní nọ́ńbà, nígbà tí àwọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Amẹ́ríkà ti ní tirẹ̀ láti 1989. Ìwọ fúnra rẹ lè ṣe é. Vim, text editor tí Bram Moolenaar ti Netherlands gbé jáde ní 1991, tó sì máa ń bẹ àwọn tó ń lò ó pé kí wọ́n ran àwọn ọmọdé Uganda lọ́wọ́, gba èèyàn láyè láti fi orúkọ tirẹ̀ kún àkójọ:

let v:colornames['aro'] = '#1B2A5C'

Lẹ́tà kékeré ni kí o fi kọ orúkọ náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí i. Nínú CSS, --aró: #1B2A5C, náà ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí, bí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan fáìlì náà bá ń tẹ ó lọ́nà kan náà.

Nọ́ńbà aró yẹn, èmi ló yàn án. Indigo tó wà nínú CSS, #4B0082, àlùkò ni, kì í ṣe ohun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń rẹ àdìrẹ sí. Midnightblue, #191970, ló sún mọ́ ọn jù. Fún osùn, mo dábàá #8A2B1F. Fún ẹfun, #F4F0E6. Fún pupa rúsúrúsú, #D9A23B. Ẹni tó bá rò pé mi ò yàn án dáadáa, kó lọ wọn tirẹ̀. Ya fọ́tò nǹkan náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó o fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kámẹ́rà máa ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀, bébà ni yóò sọ bó ṣe yí i tó. Gbé e sínú GIMP, àpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, kí o fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ tẹ̀ ẹ́, ní ibi mélòó kan, nọ́ńbà rẹ̀ yóò yọ. Bí aró ni, dúró kí aṣọ gbẹ. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í tíì jẹ́ búlúù, ewé tó ní yẹ́lò nínú ni, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú rẹ níbẹ̀. Bó bá sì ti di aró, tútù rẹ̀ ṣì máa ń ṣú ju gbígbẹ lọ. Bákan náà ni kí o bi aláró pé ìgbà mélòó ni wọ́n rẹ ẹ́, kí o kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì àti ẹ̀ẹ̀mẹwàá kò lè jẹ́ orúkọ kan.